Ìdòwú Inú Ilé Aládìí àti Àwọn Méjì Tó Ṣíwájú Rẹ̀

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ lórí ẹní ìkírun mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, torí mo mọ̀ pé ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. Mo kúnlẹ̀ dáadáa, orúnkún méjèèjì ló kan ilẹ̀. Ẹ kú ojú lọ́nà mi, ẹ kú àdúrà, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Fárúùkù. Mo kí ìyàwó wa, Ìyá Fárúùkù, ẹni tó ń bá mi gba ohùn yín sílẹ̀ sórí fóònù tí kò sì sú u. Mo kí àwọn ọmọ, mo kí gbogbo agbolé, mo kí àwọn tó wà lóko àti àwọn tó ti gbé ẹrù jáde lọ sí ọjà Ṣáṣá.

Ìyá Fárúùkù sọ fún mi pé òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, pé Bàbá Fárúùkù ti ń gbin àgbàdo, àti pé ọ̀nà abà wa sí Moniya ti ń di ẹrẹ̀, tí àwọn ọlọ́kadà sì ti ń ṣe yàǹgà kí wọ́n tó gbé èèyàn. Ó wù mí kí n gbọ́ òórùn ilẹ̀ yẹn. Ní Kánádà níbí, yìnyín ṣì wà nílẹ̀. Òtútù ibí kì í ṣe irú òtútù ọyẹ́ o. Ọyẹ́ á wá, á bó wa létè, á sì lọ. Ti ibí yìí, ó jókòó ni, bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Ṣòkòtò méjì ni mo máa ń wọ̀ kí n tó jáde, ẹ má sọ fún lémọ́mù.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń kọ èyí sínú ìwé ìròyìn, nígbà tí fóònù wà. Ìdí ni pé gbogbo ibi tí àwọn Yorùbá bá kóra jọ sí lórí ayélujára ni wọ́n ti ń jiyàn lórí orúkọ kan nínú eré tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní Ilé Aládìí, ìyẹn Ìdòwú. Àwọn kan ní ẹni tó kọ eré náà kò mọ nǹkan tó ń ṣe. Àwọn kan ní ó fi ọ̀rọ̀ pamọ́ ni, pé apá kejì eré náà ló máa tú u. Mo ti ka èyí tó pọ̀ nínú wọn, n kò sì tíì rí ẹni tó tú orúkọ náà bí wọ́n ṣe tú u lábà wa. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Ohun kan sì wà níbẹ̀ tí ẹ̀yin náà kò mọ̀ nípa tèmi.

Ẹ mọ̀ pé ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ náà dáa. Ìdúró pọ̀ níbẹ̀, apá máa ń ro mí, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ààrò ni wọ́n fi mí sí, n kò sì rò pé ibòmíràn tún lóoru tó bẹ́ẹ̀ nínú ìlú yìí, nítorí náà n kì í ráhùn. Ọjọ́ tí n kì í lọ síṣẹ́ ló máa ń le. Ilé á kàn dákẹ́. Kò sẹ́ni tó máa kanlẹ̀kùn pé kí n fún òun níyọ̀, kò sẹ́ni tó máa bi mí pé kí ni mò ń sè. Ìyẹn ló mú mi wá iṣẹ́ kejì tí mo lè máa jókòó ṣe nílé. Mo ti sọ fún yín pé iṣẹ́ ògbufọ̀ ni, ẹ sì ṣàdúrà sí i. Ohun tí n kò sọ ni pé eré Ilé Aládìí gan-an ni mò ń túmọ̀. Èmi ni mò ń kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń jáde nísàlẹ̀ àwòrán yẹn. Wọ́n ti mú mi tọwọ́ bọ̀wé pé ohun tí mo bá rí, n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni kó tó jáde, kódà kó jẹ́ ìyá tó bí mi. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Òun ni mo fi ń ra dátà fún Ìyá Fárúùkù, kó lè máa fi ìròyìn eré náà ránṣẹ́ sí mi.

Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí ẹ̀ ń jókòó wo eré náà síwájú ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Músílíù, tí ẹ̀ ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, mo ti rí i, mo sì panu mọ́. Ó nira fún mi, ẹ mọ̀ mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún àwọn tí kò mọ̀ yín pé agbẹ̀bí ni yín. Kí ilé ìwòsàn ìjọba tó dé ìtòsí wa, ọwọ́ yín ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gun ọ̀kadà kiri abà wa lónìí bọ́ sí. Kì í sì í ṣe pé ẹ ń gbẹ̀bí wọn nìkan. Ẹ̀yin lẹ máa ń jáde lọ bá bàbá ọmọ níta, tí ẹ máa sọ orúkọ tó gbé wá fún un. Ó fẹsẹ̀ wáyé, Ìgè ni. Ó dojú bolẹ̀, Àjàyí ni. Ìwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn, Òjò ni, tó bá sì jẹ́ obìnrin, Àìná. Orúkọ tí lémọ́mù máa sọ ọ́ wà lọ́tọ̀, bàbá àti ìyá ló máa mú ìyẹn wá. Èyí tí ọmọ fúnra rẹ̀ gbé wá, ẹnu yín ni wọ́n ti máa ń gbọ́ ọ.

Ní báyìí wọ́n ń bímọ sílé ìwòsàn, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń lé wọn lọ. Àmọ́ tí wọ́n bá gbé ọmọ délé, kò sẹ́ni tó tún ń yà lọ́dọ̀ yín láti sọ bó ṣe wáyé. Nígbà tí Ṣèrífátù, ará ilé kejì, bí ọmọkùnrin tó fẹsẹ̀ wáyé, inú ọjà lẹ ti gbọ́. Orúkọ tí wọ́n rí lórí fóònù ni wọ́n ti sọ ọ́. Ìyá Fárúùkù ní ẹ ò fọwọ́ kan oúnjẹ ìkómọ náà, ẹ ní inú ń run yín. Inú ò run yín, Ìyá. Ó dùn yín ni. Ẹ rò pé ohun tí ẹ mọ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Bọ̀dá Músílíù, ẹni tó ń bá gbogbo abà gba iná sí fóònù, ra tẹlifíṣọ̀n síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, torí sólà rẹ̀ lágbára. Ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn ìrun Àsárì ni Ilé Aládìí máa ń wá. Eré náà dá lórí Alhaji Aládìí, olówó kan tó ń fọ àdí, àti àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin ò lọ wo eré, tọ́ọ̀ṣì yín tí ẹ fi sí iná níbẹ̀ lẹ lọ gbà. Ọjọ́ yẹn ni Òjò, ọmọ Alhaji, fẹ́ lọ wá iṣẹ́. Ó so táì mọ́rùn, ó tú u, ó tún so ó, ó tún tú u. Àwọn tó ń wò ó ń rẹ́rìn-ín pé ọ̀lẹ ni, kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Láti ẹ̀yìn níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n má bú u, pé ẹni tí wọ́n bá pè ní Òjò, ìwọ́ ti kọ́ ọ lọ́rùn rí, nǹkan tó bá ń fún un lọ́rùn ò ní bá a lára mu. Gbogbo wọn yíjú padà. Wọ́n sún fún yín lórí bẹ́ǹṣì, ẹ sì jókòó. Ní tèmi, nígbà tí mo túmọ̀ ibẹ̀, mo rò pé ooru ló mú òṣèré náà ni.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Dàda lọ̀rọ̀ kàn. Ọmọ tó bá gbé irun tó ta kókó wá láti ọ̀run là ń pè ní Dàda, àmọ́ Dàda inú eré yìí fá orí kodoro. Bọ̀dá Músílíù ní kí ẹ wá wò ó, orúkọ lásán ni, irun dà? Ẹ ní kó wo bí ìyá rẹ̀ ṣe ń fọwọ́ pa á lórí kó tó jẹ́ kó jáde nílé, pé ìyá tí kò bá tíì bẹ̀rù irun ọmọ rí kò ní máa ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n wò ó, òótọ́ sì ni, ìyá ń fọwọ́ pa á lórí. Èmi tí mo ti wo ibẹ̀ láìmọye ìgbà kò rí i.

Bó ṣe di pé tí orúkọ tuntun bá jáde, ẹ̀yin ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò nìyẹn kí wọ́n tó wo tẹlifíṣọ̀n. Àwọn èèyàn ń wá láti àwọn abà tó yí wa ká. Ìyá Fárúùkù ní ẹ ti ń wé gèlè tó dáa lọ síbẹ̀, ẹ sì ń sọ pé òtútù ló mú yín lórí. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Inú mi dùn gan-an, Ìyá. Ohùn yín ti yí padà lórí fóònù, ẹ ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré.

Ìgbà yẹn ni Ìdòwú wá jáde. Ìyàwó kékeré Alhaji ló bí i, òun nìkan sì ni ìyàwó yẹn bí. Bí wọ́n ṣe pe orúkọ rẹ̀ báyìí, ẹ ní èèyàn méjì wà níwájú ọmọ yìí. Bọ̀dá Músílíù ní ọmọ kan ṣoṣo ni, wọ́n ti sọ ọ́ nínú eré. Ẹ ní kò sẹ́ni tó ń fi Ìdòwú ṣe àkọ́bí, ìbejì ló máa ń ṣíwájú rẹ̀. Ẹ ò mọ ibi tí wọ́n wà, àmọ́ obìnrin yẹn ti bí ìbejì kó tó bí ọmọ tí ẹ̀ ń wò yẹn.

Ọ̀rọ̀ di ariwo. Àwọn kan ní ó ti ní ọkọ kan tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìbejì wà. Àwọn kan ní ìyálé ló gbé wọn pamọ́. Ọlọ́kadà kan tiẹ̀ ní ṣé àwọn ọlọ́pàá méjì tó máa ń wá gba owó lọ́wọ́ Alhaji ni wọn ò rí, ṣé wọn ò rí i pé wọ́n jọra ni. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò jẹ́ kí àwọn ọlọ́pàá yẹn sinmi, tí wọ́n bá ti jáde, wọ́n á máa wo imú wọn.

Bọ̀dá Músílíù nìkan ló dúró sórí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó ní àwọn tó ń kọ eré kàn ń mú orúkọ tó bá dùn lẹ́nu ni. Lẹ bá dìde dúró. Ẹ sọ lójú gbogbo èèyàn pé kí eré náà tó parí, wọ́n máa fi ìbejì yẹn hàn, àti pé tí wọn ò bá fi wọ́n hàn, kí ẹnikẹ́ni má bi yín léèrè orúkọ mọ́, ti inú eré tàbí ti ọmọ èèyàn, ẹ ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nìyẹn.

Ibi iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ ohùn yẹn, àkókò ìsinmi wa ni. Mo mọ ẹnu yín. Ẹ kì í kó ọ̀rọ̀ yín jẹ. Ẹ̀rù bà mí.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi apá tó kẹ́yìn ránṣẹ́ sí mi kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo wò ó tán, mo sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀, bóyá ojú mi fo nǹkan kan ni. Kò sí ìbejì níbẹ̀. Alhaji fi ọmọ fọ́kọ, ìyàwó kékeré jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín, eré parí. Mo kọ̀wé sí ọ̀gá tó kọ eré náà. Mo ní ìyá mi àti gbogbo abà wa ń retí àwọn ẹ̀gbọ́n Ìdòwú. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní Ìdòwú ni orúkọ ìyàwó òun, òun ti ṣèlérí fún un láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra pé orúkọ rẹ̀ máa wọ inú eré òun lọ́jọ́ kan. Àwọn ìbejì tó ṣíwájú ìyàwó òun wà láyé, ọ̀kan nínú wọn ló ń bá òun tún mọ́tò ṣe. Kò sí lọ́kàn òun pé Ìdòwú inú eré náà nílò ìbejì tirẹ̀. Ó ní òun ti rí i pé àwọn èèyàn ń béèrè, ó sì dun òun, àmọ́ wọ́n ti ṣe eré náà tán, kò sí ohun tí wọ́n lè fi kún un mọ́.

N kò mọ ohun tí mo lè ṣe. Tí mo bá sọ fún yín, mo ti já àdéhùn, iṣẹ́ lọ nìyẹn. Tí n kò bá sọ, ẹ máa lọ jókòó síwájú èrò kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Mo pe Ìyá Fárúùkù, mo ń bi í pé orúnkún yín ńkọ́, ṣé ẹ ò kúkú ní í sinmi sílé ní Sátidé yẹn. Ó ní orúnkún yín le koko, ẹ ti fi sítáàsì sí gèlè.

Ọjọ́ náà pé. Ọ̀sán ni lọ́dọ̀ mi, yìnyín ń já bọ́ lójú fèrèsé. Mo ro ẹ̀bà, n kò lè jẹ ẹ́. Nígbà tó yá, ohùn tí Ìyá Fárúùkù gbà sílẹ̀ wọlé. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, èmi kọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Orin ìparí eré ló kọ́kọ́ ń dún. Ẹnikẹ́ni ò dìde, torí wọ́n ṣì ń wò ó bóyá nǹkan kan máa tẹ̀ lé orúkọ àwọn òṣèré. Kò sí nǹkan kan. Bọ̀dá Músílíù pa tẹlifíṣọ̀n, ó sì bi yín pé ìbejì dà. Kò sọ ọ́ tìjàtìjà, àwàdà tó ti ń bá yín ṣe látọjọ́ yìí ló ń ṣe, àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì pọ̀. Ẹ ò jiyàn. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, ẹ ti gbà, kí wọ́n má bi yín mọ́. Mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń fẹsẹ̀ wá bàtà yín nílẹ̀. Omi bọ́ lójú mi.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Ìdòwú sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ti inú eré o. Ìyá Ìdòwú tiwa ni, obìnrin Òkè-Ògùn tó gba yàrá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, tó ń din gàrí, tó ń gbé e lọ tà ní Ṣáṣá. Mo ṣì wà níléèwé nígbà tó dé, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló pọ̀n wá. Ọmọ yẹn ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì báyìí. Gbogbo Sátidé ni Ìyá Ìdòwú ń wá wo eré, ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí, kì í sì í dá sí àríyànjiyàn.

Ó bẹ̀ yín pé kí ẹ jókòó. Ó ní ohun tí ẹ sọ kì í ṣe irọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó rí tòun náà rí lábà yìí. Táyé àti Kẹ́hìndé, ọkùnrin ni àwọn méjèèjì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni èéyi mú wọn lọ, ọ̀kan lọ, wọn ò tíì ṣe sàráà rẹ̀ tán tí èkejì fi tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ló bí Ìdòwú. Ilé náà kò gbé e mọ́, ló bá pọn ọmọ rẹ̀, ó kó wá sọ́dọ̀ wa.

Ó ní ọjọ́ tóun dé, ẹ̀yin gan-an lẹ bi òun lórúkọ ọmọ tó wà lẹ́yìn òun. Òun ní Ìdòwú ni. Òun wá dúró kí ẹ béèrè àwọn tó ṣíwájú. Ẹ ò béèrè, ẹ kàn bá òun gba igbá tó wà lórí òun. Òun sọ lọ́kàn ara òun pé obìnrin yìí ti mọ̀, kò fẹ́ kí òun sunkún lójú ọ̀nà ni, ara sì tu òun. Ó ní láti ọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni bá ti pe òun ní Ìyá Ìdòwú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lòun ń gbọ́ níbẹ̀. Ó ní bí wọn ò bá fi ìbejì hàn nínú eré, kò ní kí ìyá wọn má bí wọn.

Ohùn yín ni mo gbọ́ lẹ́yìn náà, ó sì rẹlẹ̀. Ẹ ní ẹ ò mọ̀. Ẹ ní gbogbo ọdún yìí, ẹ rò pé ọ̀dọ̀ bàbá wọn ni wọ́n wà, ẹ ò sì fẹ́ bi í nítorí pé kò yẹ kéèyàn máa tọ pinpin ọ̀rọ̀ ọmọ lẹ́nu ẹni tó bí i. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la rò bẹ́ẹ̀, tí a tiẹ̀ bá rò ó rárá. Gbogbo abà ti ń wá ìbejì obìnrin inú tẹlifíṣọ̀n kiri, wọ́n wá wọn dé ojú ọlọ́pàá, bẹ́ẹ̀ ìyá ìbejì jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ojú tì mí nígbà tí mo gbọ́ ọ, n kò fẹ́ parọ́.

Ẹ kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ẹ lọ jókòó tì í nílẹ̀. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè bí agbẹ̀bí ṣe máa ń béèrè. Ta ló kọ́kọ́ jáde? Ṣé Kẹ́hìndé pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀? Èwo ló sunkún, èwo ni wọ́n ní láti gbá nídìí? Ta ni wọ́n jọ? Ó ń dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní Táyé ni alágídí. Ó ní Kẹ́hìndé kì í gba ọmú àfi tí Táyé bá ti mu. Ó ní wọ́n jẹ gbogbo ẹ̀pà tó wà nínú agbọ̀n tán lọ́jọ́ kan, wọ́n sùn lé e lórí, àwọn ń wá wọn kiri. Ibẹ̀ ló ti rẹ́rìn-ín. Mo bá a gbé àdúgbò kan náà fún ọdún púpọ̀, n kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Àwọn tó kù náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀.

Bọ̀dá Músílíù tọrọ gáfárà lọ́wọ́ yín. Ẹ ní kó kọ́kọ́ lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì. Orúkọ tí ẹ pè é nìyẹn, Ìyá Ìbejì, bó ṣe yẹ kí wọ́n ti máa pè é látọjọ́ tó ti bí wọn. Obìnrin náà dáhùn kíá. Ìyá Fárúùkù ní Ìdòwú ọmọ rẹ̀ yíjú wò ó, ó ní kò tíì gbọ́ kí wọ́n pe ìyá òun bẹ́ẹ̀ rí.

Mo béèrè lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì bóyá mo lè kọ ọ́. Ó ní kí n kọ ọ́, kí n sì kọ orúkọ àwọn méjèèjì kó hàn dáadáa. Mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó kọ eré náà pẹ̀lú. Ó ní òun kà á fún ìyàwó òun, ìyàwó sì pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì lójú ẹsẹ̀, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ fi jóná. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí òun fi ìbejì sínú apá kejì eré náà. Mo ní kó má fi wọ́n sí i, kó jẹ́ kí orúkọ yẹn dúró bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń jiyàn lórí ayélujára. Èmi ò ní kí ẹ má jiyàn o, iyàn náà dùn. Ṣùgbọ́n tí Ìdòwú kan bá wà ládùúgbò yín tí ẹ ò mọ àwọn tó ṣíwájú rẹ̀, ẹ lè rọra béèrè.

Wọ́n ti tún ń bi yín léèrè orúkọ, Ìyá, mo gbọ́. Ṣèrífátù ò tíì mú ọmọ wá o, n kò sì ní kí ẹ dúró dè é. Ẹ ní tí ẹ bá ti pe ọmọ náà ní Ìgè láti ojú fèrèsé yín, ó máa ń yíjú, pé ìyẹn tó yín. Ó tó èmi náà.

Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ. Èmi náà ti ń béèrè. Obìnrin kan wà tí a jọ ń kó búrẹ́dì sínú páálí, a ti ń wo ara wa láti ìgbà tí mo ti débí, a kì í sọ ju pé ẹ káàárọ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bi í pé ta ló sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tán kí wọ́n tó pè wá padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ní ká jọ jẹun lọ́jọ́ kejì. Ẹ ò rí i pé n kò dá wà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ti fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ sí Bàbá Fárúùkù, kó fi ra àga méjì tó lẹ́yìn sí ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Músílíù, ọ̀kan fún yín, ọ̀kan fún ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kó má ra oníke o, ẹ bá mi sọ fún un.

Olóhun á dá ẹ̀mí yín sí fún wa. Á jẹ́ kí n bá yín ní àlááfíà nígbà tí mo bá dé. Á fi òróró sí orúnkún yín, á sì jẹ́ kí àgbàdo Bàbá Fárúùkù gbó kí ewúrẹ́ tó mọ̀ pé ó ti hù. Ẹ bá mi kí gbogbo wọn níwájú ṣọ́ọ̀bù, títí kan ọlọ́kadà tó ń wo imú ọlọ́pàá. Ẹ bá mi kí Ìdòwú, ẹ ní mo ní kó kàwé dáadáa. Ẹ bá mi kí Ìyá Ìbejì. Tí ẹ bá ti kí i tán, ẹ bá mi bi í bóyá mo lè kí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì náà. Tó bá ní kò burú, ẹ bá mi kí Táyé, ẹ bá mi kí Kẹ́hìndé.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìdíkátù.